Gutta: Ẹ̀kán Méjì sí Ojú Òsì

Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Mo mọ agogo náà dájú nítorí pé mo ń wò ó. Ní àsìkò yẹn, bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, wíwo agogo ni iṣẹ́ mi. Màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa ka iye wákàtí tó kù kí èèyàn tó lè sùn láìtijú. Ìgbà náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbé ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, kò sì sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn yẹn rí.

Ìyá onílé wa ni. Aláró ni, mùsùlùmí, ẹni bí àádọ́rin ọdún. Ìkòkò aró rẹ̀ mẹ́fà wà lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú títí dé ìgúnpá bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́. Ó di ìgò kékeré kan àti bébà kan mú.

"Tíṣà, ṣé o ò sùn?"

"Rárá o, Ìyá. Ẹ wọlé, mà."

"Mi ò wọlé. Wọ́n ní Látìn lo kà ní yunifásítì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Akọ̀wé tó ń gbé yàrá iwájú ló sọ fún mi. Ó ní èdè àwọn dókítà nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń kọ oògùn. Gbà, bá mi kà á. Ẹni tó fún mi lóògùn sọ̀rọ̀ títí, àfi bí ẹni ń sáré bọ́ lọ́wọ́ òjò. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Àṣìṣe gbogbo ayé nìyẹn nígbà náà, pé ẹni tó bá ti ka Látìn, ìdajì dókítà ni. Ní ìlú wa ní Ìwárajà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ti gbé ìgò oògùn ikọ́ wá bá mi rí, wọ́n tún gbé ti aràn wá. Mo máa ń ṣàlàyé pé èmi kì í ṣe dókítà. Mi ò ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ìdí rẹ̀: mo ti dá wà jù. Bí ó bá ní kí n wá ka ewé orí igi fún òun, màá gbìyànjú.

Ohun tí wọ́n kọ sórí bébà náà kò ju ìlà kan lọ. *Gutt. ii* ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà *o.s.*, lẹ́yìn náà *b.d.* Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà méjì wà tí wọ́n fi ìlà kékeré pín: 2/52. Inú mi dùn gan-an. Látìn ni lóòótọ́! Ẹ̀kán méjì, sí ojú òsì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo kà á fún un bí ẹni ka lẹ́tà ọba. Ní ti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn, kì í ṣe Látìn, mo sì rò pé nọ́ńbà káàdì ni. Mo fò ó.

"Ẹ̀kán méjì péré?" ni Ìyá wí. "Gbogbo ìkọkúkọ yẹn?"

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ọ̀rọ̀ bá ń pa kì í mọ ìwọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà, òun lórí ìdúró, èmi lórí ìdúró.

Gutta ni ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ẹ̀kán ni: ẹ̀kán omi, ẹ̀kán òjò, ẹ̀kán oògùn. Àwọn ará Róòmù pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí akọ àti abo, wọ́n sì ní òmíràn tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Abo ni gutta, nínú agbo márùn-ún tí wọ́n sì tún pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí, agbo kìíní ló wà, níbi tí ọmọ ilé ìwé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn jù. Ìrù ọ̀rọ̀ ló ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ̀kán bá ń jábọ́ fúnra rẹ̀, gutta ni. Bí èèyàn bá ń kán an, ó di guttam. Bí nǹkan bá jẹ́ ti ẹ̀kán, guttae. Bí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n ń jábọ́, guttae náà ni, ṣùgbọ́n bí a bá ń kán wọn, guttas. Àwa Yorùbá kò ní wàhálà yìí. Ẹ̀kán jábọ́ o, a kán ẹ̀kán o, ẹ̀kán ni ẹ̀kán ń jẹ́; ibi tó jókòó sí nínú gbólóhùn la fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà tiẹ̀ ti gé ìrù náà dànù, wọ́n fi gutt. nìkan sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kà á kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀kán ló ń ṣiṣẹ́ ni àbí wọ́n ń fi ẹ̀kán ṣiṣẹ́.

Mo wá bọ́ sórí ìdílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa mọ òbí rẹ̀, mo ní: láti ara kán la ti bí ẹ̀kán, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gutta, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá ẹbí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, wọn ò rí ẹni tó dá wọn lójú. Àwọn kan ní bóyá wọ́n yá a lọ́wọ́ aládùúgbò kan tí èdè rẹ̀ ti kú. Ó kàn wà ní Róòmù lọ́jọ́ kan bí àlejò tí kò sọ ilé bàbá rẹ̀, ó sì bímọ káàkiri. Àwọn Faransé ń lò ó títí dòní, àwọn ará Spéènì ń lò ó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ àrùn tó máa ń wú ọmọ ìka ẹsẹ̀ lórúkọ, nítorí àwọn baba ńlá wọn gbà pé omi burúkú kan ló ń kán sínú oríkèé. Wọ́n tún fi sọ ojú ọ̀nà tí ẹ̀kán òjò ń gbà lọ lórúkọ, àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn, a pè é ní gọ́tà.

"Gọ́tà?" ni Ìyá wí. "Gọ́tà iwájú ilé yìí?"

"Ìdílé kan náà ni wọ́n, mà."

"Tíṣà! Òun lo wá fẹ́ kán sí mi lójú?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bóyá kò ní yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo bá èèyàn rín ní Òṣogbo. Nígbà tí ó parí, mo ń bẹ̀rù bí ẹni tó rí nǹkan he tó ń retí kí ẹni tó ni ín dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dá wà tó. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ti níyàwó, ìdílé wọn ló ń dúró dè wọ́n. Ní ilé ìwé, ọmọ márùn-ún ló kù nínú kíláàsì Látìn, ọ̀gá àgbà sì ti sọ fún mi pé bí àwọn yẹn bá jáde, ó parí. Kí n máa múra láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilé wa, bàbá mi, tó ta kòkó ọdún mélòó kan kí n fi lè kàwé, bi mí ní ọjọ́ tí mo gbàwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń fi Látìn ṣe. Ó ti rò pé mo máa di lọ́yà ni. Mo ṣàlàyé. Ó fetí sílẹ̀, ó sì ní, "Ó dáa." Kò tún bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì máa ń gbọ́ ìbéèrè yẹn jù nígbà tí kò bá bi mí.

Ìyá ní òun ò lè dá kán an. Ọwọ́ òun ń gbọ̀n, aró sì wà lọ́wọ́ òun nígbà gbogbo. Mo ní èmi yóò máa kán an. Ní àárọ̀ kí n tó lọ ilé ìwé, àti ní ìrọ̀lẹ́ bí ó bá ti kírun Àlàásárì tán. Yóò jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, yóò gbójú sókè, èmi yóò fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì kọ́kọ́ bú mi.

"Má fọ́ mi lójú o, Ìjẹ̀ṣà. Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ò lè ra ìṣáná, tí ẹ máa ń yá iná kiri."

"Ìyá, mo ra ìṣáná lánàá."

"Ó yà mí lẹ́nu. Kán an."

Lẹ́yìn oògùn, yóò ní kí n dúró wo aṣọ tó ń yọ. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ó máa ń bi mí bóyá ó ti dúdú tó, màá sì dáhùn bí ẹni tó mọ̀.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni ti òwúrọ̀. Ẹ mọ àṣà wa, pé oore àná, àárọ̀ la ń dúpẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń kán oògùn, ojoojúmọ́ ni gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì jẹ́ kó sùn lọ́rùn òun rí. Kí n tó fọ ojú, yóò ti kan ilẹ̀kùn: "Tíṣà, o ṣeun àná." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mo máa ń jí ṣáájú kí n lè gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Nígbà tí ìgò tán, mo mú òfìfo rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn nítòsí ibùdó rélùwéè, mo ra òmíràn, a sì ń bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe. Mo ti da ìlà ọjọ́ kìíní yẹn, àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀, kọ sínú ìwé mi nítorí gutt., kí n lè fi han àwọn ọmọ márùn-ún yẹn. Tíṣà ìṣirò, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, yọjú wò ó ní yàrá àwọn olùkọ́.

"Ta ló fẹ́ padà lọ rí dókítà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì?" ni ó bi mí.

"Níbo lo ti rí i?"

"Nọ́ńbà yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta ọdún kan. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ìwọ ọ̀gá Látìn, o ò mọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá lórí ọjọ́ tó yẹ kí Ìyá padà lọ. Bí mo bá sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìtàn mi ì bá tán síbẹ̀, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́, kò sì sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Mo rìn délé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Ìyá ti sọ fún mi rí pé bí ọ̀ràn ojú yìí bá tún di ti ilé ìwòsàn, òun ò ní dá a gbé. Ọmọ òun obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ti ní kí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rántí èyí ní ẹnu ọ̀nà. Mo rí ẹ̀yìnkùlé láìsí Ìyá. Mo rí àárọ̀ láìsí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn.

Ó jókòó sórí àpótí, ó ti gbójú sókè.

"O pẹ́ lónìí, Ìjẹ̀ṣà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Iṣẹ́ pọ̀."

Mo kán ẹ̀kán méjì.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìkà ni mí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ bẹ yín kí ẹ ṣàánú mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ojú náà ti ń dára. Mo ń sọ pé bó bá di ọ̀la, màá sọ ọ́. Mo tiẹ̀ ń sọ pé oògùn náà ló ṣe pàtàkì, pé a sì ń kán an déédéé, kò yẹ ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ó ń dúpẹ́ àná, lójoojúmọ́ ọpẹ́ náà ń wọ̀ mí lára bí ẹ̀wù tí a jí wọ̀. Ó gbóná, ó sì ń já mi jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ti dé ìgò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún láti nu omi tó ṣàn síbẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ ṣí, ó dojú kọ mí gan-an.

"Tíṣà," ni ó wí, "o ti lọ ni?"

Ìṣísẹ̀ kan ló wà láàrin wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lọ ilé ìwé. Mo mú un wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Iléṣà. Ó wo ìta ní gbogbo ọ̀nà, ó ń fi ọkọ̀ tó ń gba apá ọ̀tún ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ayé ti yí ẹ̀yìn padà. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Dókítà náà, obìnrin òyìnbó, fi iná wo ojú rẹ̀ méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé omi inú ojú ló ń ti ojú láti inú, pé ojú tó bá ti pa kì í là mọ́. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè gbà á sílẹ̀ bí a bá ń kán oògùn tó lágbára jù sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ó sì ń wá fún àyẹ̀wò lásìkò. Ó mú bébà àkọ́kọ́ yẹn, ó wò ó. Ó bi mí ìdí tí Ìyá kò fi padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní bóyá wọn ì bá ti rí i, bóyá wọn ì bá ti yí oògùn padà.

Èmi ni ògbufọ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tó gbọ́ èdè méjèèjì. Mo sọ fún dókítà pé Màmá rìnrìn àjò.

"Kí ló wí?" ni Ìyá bi mí.

"Ó ní ojú òsì ti dàgbà jù, mà. Ó ní ká tọ́jú ti ọ̀tún."

Ó mi orí. "Òótọ́ ló sọ. Ojú tó ti wo aró láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Alhamdulillahi. Bá mi kí i, sọ fún un pé ó ṣeun." Ó wá fọwọ́ kàn mí léjìká. "Àti ìwọ. Ọmọ tí mo bí kò ṣe tó èyí."

Mo kí dókítà fún un.

Ọmọ rẹ̀ dé láti Ìbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó fẹ́ mú un lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìyá kọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè kán oògùn bíi Tíṣà, pé òun ò ní fi ojú kan tó kù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọmọ náà, tó ju mí lọ ní ọdún mẹ́wàá, wá sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Màmá ti ròyìn yín tán. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ka bébà tí ẹnikẹ́ni ò lè kà."

"Kò tó ọpẹ́, mà," ni mo wí, òun ló sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Nígbà náà ni Ìyá gbé èyí tó burú jù kalẹ̀. Ó ní ọpẹ́ ẹnu ọ̀nà kò tó irú oore yìí. Ẹni tó bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun, ọmọ rẹ̀, àti àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé wọn, yóò lọ sí Ìwárajà lẹ́yìn Iléyá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ti ń pa aṣọ kan láró tí yóò mú lọ fún un, ó ń pa á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè dúdú dáadáa. Ó ti bi mí bóyá bàbá mi ga.

Ẹ gbìyànjú láti rí i bí mo ṣe ń rí i. Bàbá mi yóò jókòó ní pálọ̀. Àgbà mẹ́ta láti Òṣogbo yóò kúnlẹ̀, wọn yóò dọ̀bálẹ̀. Wọn yóò sọ fún un pé Látìn tí ọmọ rẹ̀ kà gba ojú èèyàn là. Yóò jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò dáhùn ìbéèrè rẹ̀, irọ́ ni ìdáhùn náà yóò sì jẹ́, èmi yóò sì wà ní ìjókòó níbẹ̀.

Mo ti pinnu lẹ́ẹ̀mẹwàá láti sọ òótọ́. Ohun tó ń dá mi dúró kì í ṣe ìtìjú nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rù ojú ọ̀tún ló ń bà mí. Ìyá gba oògùn tuntun yìí gbọ́ nítorí pé ó gbà mí gbọ́. Bí ó bá mọ̀ pé mo ka bébà kìíní kù, pé mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pa á mọ́, ṣé yóò tún gbójú sókè fún mi? Bí kò bá jẹ́ kí n kán an mọ́, ṣé yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn kán an? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rò ó báyìí tán, mo máa ń bi ara mi bóyá ọgbọ́n kan náà ni mo tún ń dá, èyí tí mo dá ní ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí mo wá fi ojú rẹ̀ ṣe àwáwí. Mi ò mọ̀ mọ́. Ẹni tó bá dá wà pẹ́ kì í mọ ìyàtọ̀ láàrin ìfẹ́ àti ìmọtara-ẹni-nìkan. Èmi ò mọ̀ ọ́n.

Iléyá ku bí oṣù méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, tí ẹ ti ní òbí tàbí ti jẹ́ òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: Ìyá, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àbí bàbá mi? Ṣé kí n sọ ọ́ nísinsìnyí, àbí kí n dúró di ìgbà tí dókítà bá tó sọ pé ojú ọ̀tún ti bọ́ lọ́wọ́ ewu? Bí mo bá sì sọ ọ́, tó lé mi, ta ni yóò máa kán oògùn náà?